Iná Wà, Kíkì Kò Yí: Èdè-Ìperí àti Àìsàn Ọkọ̀ Àjàgbé Àtijọ́

Ẹni tí ó bá dé ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn ní kùtùkùtù òwúrọ̀ yóò rí àwọn ọkọ̀ àjàgbé tí ó ti òkè Ọya wá, tí ẹ̀wà, àlùbọ́sà, tòmátì tàbí màlúù kún inú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni ó dàgbà ju ẹni tí ń wà wọ́n lọ. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, ènìyàn mẹ́ta ni ó sábà máa ń pé jọ sí ìdí rẹ̀: awakọ̀, mẹkáníìkì àti rẹ́wáyà. Yorùbá ni wọ́n jọ ń sọ, síbẹ̀ wọn kì í gbọ́ ara wọn yé. Gbólóhùn tí ó sì máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: iná wà.

Bí ó ti máa ń rí nìyí. Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì kò dáhùn. Rẹ́wáyà mú tẹ́sítà rẹ̀, èyí tí í ṣe gílóòbù kékeré kan tí a so mọ́ wáyà méjì. Ó fi kan orí kíkì, gílóòbù sì tàn. Ó ní, ‘Iná wà, kíkì ni ó kú.’ Mẹkáníìkì tú kíkì náà sílẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì, ó fi wáyà tí ó nípọn so ó mọ́ bátìrì náà tààrà, kíkì sì ń yí bí òòyì. Òun náà ní, ‘Kíkì kò ṣe nǹkan kan, iná ni kò sí.’ Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Olówó ọkọ̀ a san owó fún àwọn méjèèjì, a tún ra bátìrì tuntun lé e, ọkọ̀ a sì wà ní ibi tí ó wà, bẹ́ẹ̀ ni tòmátì kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe àìmọ̀ṣẹ́ ni ó fa èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àìmọ̀ṣẹ́ kò ṣọ̀wọ́n. Ohun tí ó fà á ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún ohun mẹ́ta. Nínú èdè Yorùbá, iná ni èyí tí a fi ń se ọbẹ̀, iná ni fìtílà, iná ni ohun tí ó ń ti orí òpó bọ̀ wá sínú ilé, iná náà sì ni ohun tí ó wà nínú wáyà ọkọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ tan gílóòbù nínú yàrá kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ: iná wà tàbí kò sí. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ àjàgbé tí ó ti pẹ́, àìsàn kì í sábà jẹ́ ti ‘ó wà’ tàbí ‘kò sí’. Ti ‘ó wà ṣùgbọ́n kò tó’ ni.

Ìṣirò kékeré yóò fi èyí hàn. Ọkọ̀ àjàgbé ńlá sábà máa ń ní bátìrì méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 12, tí a so tẹ̀lé ara wọn kí ó lè di 24. Nígbà tí kíkì bá ń yí ẹ́ńjìnnì oní-dísùù tí ó wúwo, ohun tí ń ṣàn nínú wáyà a máa ju áńpíà 200 lọ. Kí a wá gbà pé ìpẹtà wà ní ojú ibi tí a ti de wáyà mọ́ irin, tí ìdènà ibẹ̀ kò sì ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún óòmù kan. Áńpíà 200 tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá yóò pàdánù fóòtì 4 lójú ọ̀nà. Ìdá kan nínú mẹ́fà gbogbo ohun tí bátìrì méjèèjì ní ni èyí, kí a tó ka ti bátìrì fúnra rẹ̀ tí ó máa ń relẹ̀ nígbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Gílóòbù tẹ́sítà ńkọ́? Kò gbà ju áńpíà kan lọ. Ohun tí òun pàdánù ní ojú ìpẹtà kan náà kò ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún fóòtì kan, èyí tí ojú ènìyàn kò lè rí. Nítorí náà gílóòbù a tàn yòò. Iná wà fún gílóòbù. Kò sí fún kíkì.

Ẹni tí kò bá ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò lè ṣàlàyé èyí fún ọmọ iṣẹ́, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ tó. Ohun tí ó ń ti iná láti ibi kan dé ibi kejì, tí fóòtì ń wọ̀n, ni ó yẹ kí a máa pè ní ipá iná. Iye tí ó ń kọjá, tí áńpíà ń wọ̀n, ni ìṣàn iná. Ohun tí ó ń dí i lọ́wọ́, tí óòmù ń wọ̀n, ni ìdènà. Fóòtì 4 tí ó sọnù lójú ọ̀nà a sì di àdánù ipá. Àwọn kan lè fẹ́ lo agbára dípò ipá, nítorí pé agbára ni ó yá lẹ́nu. Kò yẹ. Agbára ni yóò bá ohun tí wáàtì ń wọ̀n mu. Bí a bá ti ná an sórí fóòtì, ọwọ́ yóò ṣófo nígbà tí a bá dé ibi iṣẹ́ tí mọ́tò ń ṣe.

Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn béèrè ìdí tí a kò fi kúkú kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìlànà àkọtọ́ Yorùbá, kí a máa wí pé kọ́réǹtì, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ó wà lẹ́nu wọn lóòótọ́. Níbẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gílóòbù bá pọ́n bí ẹ̀yinná ní Agbowó, ohun tí àwọn ènìyàn ń wí ni pé ‘lóò kọ́réǹtì’ ni wọ́n mú wá, tàbí pé ‘háàfù kọ́réǹtì’ ni. Ohun tí ó relẹ̀ nígbà náà, fóòtì ni. Èyí ni pé ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ìṣàn ni Yorùbá ìgboro ti gbà, tí ó sì ti fi jẹ oyè ipá. Ìwé ẹ̀kọ́ tí ó bá lo kọ́réǹtì fún ìṣàn yóò máa bá akẹ́kọ̀ọ́ jà láti ojú ìwé kìn-ín-ní. Yíyá ọ̀rọ̀ kò burú, ó sì pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àyálò tí ó ti yí ìtumọ̀ padà lójú ọ̀nà kò ṣeé gbà sínú ìwé sáyẹ́ǹsì.

Ìṣàn, ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ omi ni, kò sì yẹ kí a gbàgbé ibi tí àfiwé náà parí sí. Omi tí páìpù rẹ̀ bá já a máa dà sílẹ̀. Iná tí wáyà rẹ̀ bá já kì í dà síbì kankan. Ńṣe ni ó dúró. Olùkọ́ tí kò bá sọ èyí yóò rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wá ibi tí iná ń jò sí lábẹ́ ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó tún léwu ju ìyẹn lọ ni ilẹ̀. Wáyà tí ó so orí òdì bátìrì mọ́ irin ara ọkọ̀, ilẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi orúkọ rẹ̀ pè, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Ìtàn wà ní ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1838 ni Carl August von Steinheil, ará Jámánì, rí i pé bí a bá ri irin mọ́lẹ̀ ní ìkangun méjèèjì wáyà tẹligiráàfù, ilẹ̀ gan-an lè dá iná padà, kò sì ní sí ìdí láti ta wáyà kejì. Ilẹ̀ tòótọ́ ni ilẹ̀ ìgbà náà. Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dé, irin ara ọkọ̀ ni ó gba iṣẹ́ ilẹ̀ ṣe, orúkọ náà sì tẹ̀lé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n orí rọ́bà ni ọkọ̀ àjàgbé dúró lé. Iná bátìrì rẹ̀ kò ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú erùpẹ̀ Challenge. Atúmọ̀-èdè tí ó bá kọ ‘wáyà ilẹ̀’ sínú ìwé ọkọ̀ ti gbé ìtàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ inú sáyẹ́ǹsì Yorùbá láìsí ìdí, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní làákàyè yóò sì béèrè ibi tí a gbẹ́ ihò sí.

Àwọn rẹ́wáyà ń pè é ní ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn sì dára ní ibi iṣẹ́. Fún ìwé ẹ̀kọ́, ọ̀nà àbọ̀ ni ó tọ́, nítorí pé orúkọ náà sọ iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe: iná tí ó bá ti bátìrì jáde gbọ́dọ̀ padà sí bátìrì, ọ̀nà tí yóò gbà padà sì gbọ́dọ̀ dára tó èyí tí ó gbà lọ. Àlọ ni ti ahun, àbọ̀ ni ti àna rẹ̀. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, wáyà pupa ni gbogbo ènìyàn máa ń yẹ̀ wò, èyí tí í ṣe àlọ. Àbọ̀ ni ẹ̀bi sábà máa ń wà.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn iná ti wọ inú ọ̀ràn gíá. Ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì kò fara kan irin ọkọ̀ ní tààrà. Orí rọ́bà ni wọ́n jókòó lé kí gbígbọ̀n wọn má ba à fọ́ ọkọ̀. Nítorí náà, a máa ń ta wáyà pẹlẹbẹ kan, tí a hun bí irun dídì, láti ara ẹ́ńjìnnì tàbí gíábọ́ọ̀sì sí ara irin ọkọ̀. Nígbà tí mẹkáníìkì bá fẹ́ sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ kí ó lè pààrọ̀ páléètì kíláàṣì, ó di dandan kí ó tú wáyà náà. Nígbà tí ó bá ń dá gíábọ́ọ̀sì padà, ó lè gbàgbé rẹ̀, tàbí kí ó dè é mọ́ ojú irin tí ọ̀dà àti òróró bò. Iná kíkì kò ní tìtorí èyí jókòó. Yóò wá ọ̀nà mìíràn: yóò gba inú okùn irin tí ó so ẹsẹ̀ awakọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, tàbí inú ṣáfútù àti bẹ́árìn. Okùn irin tí kò ju ìka ọmọdé lọ kò lè gbé ìṣàn bẹ́ẹ̀. Yóò gbóná, ó tilẹ̀ lè máa rú èéfín. Bẹ́árìn tí iná bá ń gbà inú rẹ̀ kọjá yóò gún ihò wínníwínní sára, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Awakọ̀ yóò wí pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti tú gíá ni ọkọ̀ kò ti ṣáná mọ́. Òótọ́ ni. Rẹ́wáyà yóò wí pé gíá kì í ṣe iṣẹ́ òun. Òótọ́ ni. Mẹkáníìkì yóò wí pé iná kì í ṣe iṣẹ́ òun, òótọ́ sì ni ìyẹn náà. Ní àgbègbè Challenge àti Ring Road, iṣẹ́ méjèèjì yà sọ́tọ̀, ọ̀gá wọn yà sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Àìsàn yìí wà ní ààlà, kò sì sí ẹni tí ó ni ààlà.

Ìdánwò tí yóò fi í hàn kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. A ó fi ẹnu mítà kan kan orí òdì bátìrì, a ó fi èkejì kan irin ẹ́ńjìnnì, awakọ̀ yóò sì yí kọ́kọ́rọ́ bí ẹni fẹ́ ṣáná. Bí mítà bá kà ju nǹkan bí ìdajì fóòtì kan lọ, ọ̀nà àbọ̀ ni ó ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni gbìyànjú láti fi iná nìkan ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́: ‘Bí iná bá wà níbẹ̀, a jẹ́ pé iná kò sí níbẹ̀.’ Ọmọ iṣẹ́ yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì tọ̀nà. Bí a bá wí pé, ‘Ipá tí mítà bá rí ní ọ̀nà àbọ̀, àdánù ipá ni,’ àríyànjiyàn tán.

Ní ti kíláàṣì àti gíá, ọ̀rọ̀ kò rí bákan náà. Níhìn-ín, èdè Yorùbá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ó yẹ kí wọ́n kó o jọ ni ó kù. Kíláàṣì ń yọ̀: ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò sì lè ti Dùgbẹ̀ gun òkè Mọ́kọ́lá. Kíláàṣì kò tú: awakọ̀ tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì kò fi gíá sílẹ̀. Gíá ń fò: ó wọlé, ṣùgbọ́n kò dúró. Gíá há: ó wọlé, kò sì jáde mọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn gbólóhùn wọ̀nyí tọ́ka sí ibi tí ó yàtọ̀. Èyí tí ó ń tan ni jẹ ni ‘gíá kò wọlé’, nítorí pé ó lè jẹ́ kíláàṣì tí kò tú, ó sì lè jẹ́ inú gíábọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a wá fi gíá sí i. Bí ó bá wọlé wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, tí ó sì ń kọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kíláàṣì ni kò tú. Bí ó bá kọ̀ ní ìgbà méjèèjì, inú gíábọ́ọ̀sì tàbí ọ̀pá tí ó ń darí rẹ̀ ni kí a wò. Owó tí ó wà láàárín ìdáhùn méjì yìí kì í ṣe kékeré.

Ariwo náà ní èdè tirẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní firí, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tí ariwo kan sì ń dún tí ó dákẹ́ nígbà tí a tẹ kíláàṣì, bẹ́árìn iwájú gíábọ́ọ̀sì ni a ó kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí a tẹ̀ ẹ́ ni ariwo bẹ̀rẹ̀, bẹ́árìn tí ń ti kíláàṣì ni. Bákan náà ni kíkì: bí ó bá dún ‘tá’ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ó dákẹ́, àìsàn rẹ̀ kì í ṣe ti èyí tí ó ń dún ‘tá-tá-tá-tá’, tí bátìrì rẹ̀ kò lókun tàbí tí orí rẹ̀ kò dè dáadáa, èyí tí ó ń dún ‘wìì’ ń yí lófo, eyín rẹ̀ kò mú eyín ẹ́ńjìnnì. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n èdè ti kọ̀wé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ aṣàfarawé-ìró nínú ewì. Níbi iṣẹ́ mẹkáníìkì, ìró wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni ẹ̀rí tí a fi ń dá àìsàn mọ̀.

Iṣẹ́ ńlá ni àwọn tí ó ti ń gbìn ọ̀rọ̀ ìperí ṣe, kò sì yẹ kí a fojú kéré rẹ̀. Ní ọdún 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Babátúndé Fáfúnwá darí bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀, tí a fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 1984 sì ni ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n àṣà kan wà tí ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lára láti ìgbà náà: nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ ìperí fún ẹ̀rọ, orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wá. Wọn a jókòó, wọn a wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún kíláàṣì, fún bẹ́árìn, fún fíúùsì, gbogbo ọ̀rọ̀ náà a sì gùn bí oríkì. Asán ni ìpọ̀jù iṣẹ́ náà. Kíláàṣì ti di Yorùbá. Ó ti wà lẹ́nu awakọ̀ láti ayé bọ́lẹ̀kájà, ó wà níbẹ̀ nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan ń to ọkọ̀ Leyland pọ̀ ní Ìbàdàn yìí, kò sì sí ìgbìmọ̀ tí yóò lé e jáde. Ohun tí mẹkáníìkì kò ní ni orúkọ fún ohun tí kò ṣeé fi ọwọ́ mú: ipá, ìṣàn, àdánù. Ohun tí ìgbìmọ̀ kò sì ní ni ọ̀rọ̀-ìṣe àìsàn: yọ̀, tú, fò, há. Kí olúkúlùkù fún ẹnìkejì ní èyí tí ó ní.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ náà ni ó yẹ kí a gbà láìyẹ̀ ẹ́ wò. ‘Ó ti jó’ jẹ́ ọ̀kan tí ó burú. Fíúùsì jó, kíláàṣì jó, gílóòbù jó: gbogbo rẹ̀ di jíjó. Ṣùgbọ́n fíúùsì tí ó jó ti ṣe iṣẹ́ tí a rà á fún, ó ti fi ara rẹ̀ gba wáyà là. Kíláàṣì tí ó jó, ẹsẹ̀ awakọ̀ tí kò kúrò lórí rẹ̀ ni ó sábà máa ń pa á. Ọmọ iṣẹ́ tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí ni ó ń fi wáyà lásán dípò fíúùsì, kí ó má ba à ‘jó’ mọ́, tí odidi ọkọ̀ fi ń jó. Bẹ́ẹ̀ náà ni bíríìjì, tí wọ́n ń lò fún wáyà méjì tí ó ṣèèṣì kan ara wọn, tí wọ́n tún ń lò fún èyí tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ so pọ̀. Fún ti àkọ́kọ́, èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ: iná gba ẹ̀bùrú. Ó sọ pé ọ̀nà kúrú, ó sì sọ pé kì í ṣe ọ̀nà tí ó yẹ kí ó gbà.

Ìwé tí ó ṣàlàyé àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, Gẹ̀ẹ́sì tàbí èdè Jámánì ni a fi kọ ọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni wọ́n kéde pé a ti wọ́gi lé e. Kò sí èyí tí ó dé etí ọmọ iṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ ní Challenge nínú méjèèjì. Yorùbá ni ọ̀gá rẹ̀ fi ń kọ́ ọ lánàá, òun náà ni yóò fi kọ́ ọ lọ́la. Láti ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, títì kan ṣoṣo ni ènìyàn yóò ré kọjá kí ó tó dé Agbowó. Olùkọ́ tí ó ń kọ ìwé fíṣíìsì lè mú mítà kan àti ìwé àkọsílẹ̀ dání, kí ó lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ rẹ́wáyà.

Nígbà tí ó bá dé ibẹ̀, kí ó bá wọn wá ọ̀rọ̀ kan tí kò tíì sí. Wáyà kan máa ń wà tí ó ń kàn, tí ó tún ń yẹ̀. Ọkọ̀ a ṣiṣẹ́ lójú mẹkáníìkì, a sì kú ní agbede-méjì Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Páṣà ni àwọn rẹ́wáyà ń pè é, láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí apá kan. Ségesège kò bá a mu, nítorí pé ìwà ọkọ̀ ni ìyẹn sọ, kò sọ ìwà wáyà. ‘Àkàn-yẹ̀’ lè ṣe é, bí kò bá ṣòro pè lẹ́nu. Àwọn tí ó ń fi ọwọ́ mi wáyà náà lójoojúmọ́ ni yóò mọ̀ bóyá yóò dúró.